Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ogun Ikú Ọmọdé: Bí Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe Ti Wọ Ilé Ìwòsàn Wa

Ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn ilé ìsìn ni ìwé ọdọọdún yìí sábà máa ń gbé wá síwájú yín. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ sọ ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí ìtàn rárá, nítorí pé kò sí ìbọn nínú rẹ̀, kò sì sí adé. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìtòsí wa, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí Ògèdèǹgbé àti àwọn ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì, ogun tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní ọdún 1886. Ogun tí àwa ń sọ yìí, ogun ikú ọmọdé ni, àwọn tí ó sì jà á kò ju abiyamọ, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, olùrànlọ́wọ́ wọn àti dókítà díẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún láàárín wa kò tíì gbàgbé bí nǹkan ti rí ṣáájú òmìnira. Ilé tí kò ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́ ṣọ̀wọ́n. Bí ibà kò bá mú ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru lè mú un. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ìwọ̀nyí, èéyi ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n bá sì já a lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ mímu lásán, tí kò ní ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja nínú, ni ó kù tí yóò máa jẹ, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi wú, tí irun orí rẹ̀ yóò sì di pupa. Àbíkú ni a ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn. A kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ pé ebi àti èéyi ni ó pa púpọ̀ nínú àwọn tí a fi orúkọ náà pè.

Ní ọdún 1956 ni Dókítà David Morley dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni èrò àwọn ìyá tí ó kún ilé, tí ó kún ìta. Àwọn dókítà kò pọ̀ tó láti rí gbogbo ọmọ tí wọ́n ń gbé wá lójúmọ́. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, àṣà tí àwọn òyìnbó gbé wá láti ilẹ̀ wọn ni pé kí ọmọ tí ara rẹ̀ le lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, tí wọ́n sì ti ń gba ìyá nímọ̀ràn, kí ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní oògùn. Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ náà wò: obìnrin tí ó pọn ọmọ rìn láti oko, tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́, tí a sì ní kí ó padà nítorí pé ọjọ́ ìmọ̀ràn ni òní, ǹjẹ́ yóò tún wá ní oṣù tí ń bọ̀?

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni Morley àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti wó ògiri yìí lulẹ̀. Wọ́n ṣí ibi ìtọ́jú kan fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń wo aláìsàn tí wọ́n sì ti ń ṣọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, lójú kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà. Bí ìyá bá dé, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yóò gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, yóò sì fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sí orí káàdì. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ọ̀sì yóò jókòó ti ìyá, yóò wo ọmọ, yóò béèrè ohun tí ó ń jẹ. Bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe é, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni yóò fún un ní oògùn, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ ní àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀ àti ohun tí yóò ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àkókò abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá tó, ibẹ̀ náà ni yóò ti gbà á. Ọmọ tí ọ̀ràn rẹ̀ bá le nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: dókítà tí ìbá máa fi gbogbo ọjọ́ wo ibà wá ní àyè láti tọ́jú ọmọ tí ó ń kú lọ.

Káàdì tí a mẹ́nu bà yìí ni ó mú orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé kàn dé ibi tí ọmọ Ìmẹ̀sí kò dé rí. Ìlà méjì ni wọ́n fà sí i lára láti ọjọ́ ìbí dé ọdún márùn-ún, àárín wọn ni àmì ọmọ tí ń dàgbà dáradára sì ń gbà lọ sókè. Bí àmì náà bá dúró lójú kan fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ewu ń bọ̀, nígbà tí ojú ìyá kò tíì rí ohunkóhun. Àyè kan tún wà lórí rẹ̀ fún ìdí tí ọmọ kan fi yẹ fún ìtọ́jú pàtàkì: bóyá ìbejì ni, tàbí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti kú. Ọwọ́ ìyá ni káàdì yìí ń gbé, nínú àpò ọ̀rá, kì í ṣe nínú àpótí ilé ìwòsàn. Àwọn kan rò pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù. Wọn kò mọ abiyamọ Yorùbá! Ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a ti fi káàdì lé ìyá lọ́wọ́ ni òun náà di ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ìlera, kì í tún ṣe ẹni tí ń dúró de àṣẹ mọ́.

Ní ti èéyi, àwọn òyìnbó nílé wọn kò kà á sí ikú gan-an nígbà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí wà lára ohun tí ó fi hàn wọ́n bí ó ti ń pa ọmọ ní ilẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dókítà Samuel Katz gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi wá láti Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ agbègbè wa sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á ní Áfíríkà.

Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1961, ó sì kú ní 2009. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun nìkan ni ó ṣe é. Àwọn ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n láàárọ̀, tí wọ́n ń tẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé nírọ̀lẹ́, ni ó ṣe iṣẹ́ náà, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé púpọ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣì wà láàyè, kí àwọn ọ̀dọ́ wa lọ gba ìtàn lẹ́nu rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn ìjọba ayé péjọ sí Alma-Ata, wọ́n sì pinnu pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, tí ó sún mọ́ ilé tí ó sì ní ọwọ́ púpọ̀ nínú, ni kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìlera. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sì yà owó sọ́tọ̀ fún un láti inú àpò ìjọba àpapọ̀.

Kí ni èyí kàn ẹgbẹ́ wa? Ó kàn wá gidigidi. Bí àwọn ọmọ ìlú bá dá owó jọ, ilé ni a sábà máa ń fi kọ́, a ó sì kọ orúkọ sí iwájú rẹ̀. Ní ìlú púpọ̀ ní àyíká wa, ilé náà wà, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá lọ gba owó oṣù rẹ̀ ní ìgboro, ìlẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Aboyún tí ìrọbí bá mú lóru yóò bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí, òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè àgbà àti kékeré, ẹni tí ń tọ́jú ìwé àti ẹni tí ń tọ́jú àyíká. Òṣìṣẹ́ kékeré ni ó yẹ kí ó máa wọ ilé dé ilé, kí ó lè sọ fún agbẹ̀bí pé obìnrin báyìí ti lóyún, ọmọ báyìí kò tíì gba abẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan bá ṣàìsí, iṣẹ́ àwọn ìyókù yóò dàrú.

Ìjọba ni ó ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí kò rí ibi sùn kì í pẹ́ ní ìlú. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìpàdé gbogbogbò ọdún yìí pé kí owó tí a fẹ́ fi kọ́ yàrá ìgbàlejò mọ́ ilé ìlera wa di owó ilé gbígbé fún agbẹ̀bí méjì, kànga, àti alùpùpù kan fún ẹni tí yóò máa lọ sí àwọn abúlé. Kí a sì yan ìyá méjì tí ó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́ sínú ìgbìmọ̀ ìlera wọ́ọ̀dù wa, nítorí pé àwọn ọkùnrin àgbà nìkan ni ó wà níbẹ̀ di àkókò yìí.