Láti Orí Àánú Dé Orí Ẹ̀tọ́: Ìtàn Àwọn Àkàndá Ènìyàn ní Èkó

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe abuké, àfín àti arọ. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn náà: Ọbàtálá tí ó ń mọ ènìyàn mu ẹmu yó lọ́jọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró déédéé mọ́, àwọn tí ó mọ lọ́jọ́ náà sì di tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu. Ẹni tí ó bá fi abuké ṣe yẹ̀yẹ́, Ọbàtálá ni ó ń wá níjà. Àmọ́ ìbọ̀wọ̀ yìí ní ibi tí ó mọ. Òrìṣà tí ó ni wọ́n ni a ń bẹ̀rù. A kì í sábà bi àwọn fúnra wọn pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ayé wọn ṣe.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ, àwọn ọmọ ogun wa ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó kán àti ọwọ́ tí wọ́n gé. Nítorí wọn ni ìjọba amúnisìn ṣe dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ìgbóbì, èyí tí ó di ilé ìwòsàn egungun ní ọdún 1945, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lónìí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ilé ẹ̀kọ́. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí etí rẹ̀ di nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ní 1962, ìjọ Kátólíìkì dá Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè fún àwọn ọmọ tí kò ríran. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ fún àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ àwọn àkàndá ọmọ. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, Ìṣẹrì-Ọlọ́fin ni Farmcraft Centre wà, níbi tí àwọn afọ́jú ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ilé wọ̀nyí ṣe. Síbẹ̀, orí àánú ni ọ̀pọ̀ wọn dúró lé. Àánú dára, ṣùgbọ́n bí ó bá rẹ ẹni tí ń ṣàánú, kò sí ilé ẹjọ́ tí a lè gbé e lọ.

Ìjọba ológun gbé òfin kan jáde ní 1993 nípa ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ó kú sí. Ní 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí àdéhùn ẹ̀tọ́ wọn; Nàìjíríà bu ọwọ́ lù ú ní 2007, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 2010. Èkó kò dúró de Àbújá. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2011, Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá bu ọwọ́ lu òfin àwọn àkàndá ènìyàn ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin yìí ni ó dá LASODA sílẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn. Ní Àbújá, àwọn àkàndá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bíi JONAPWD lo ohun tí ó lé ní ọdún 10 lẹ́nu ọ̀nà àwọn aláṣẹ kí Ààrẹ Buhari tó bu ọwọ́ lu tiwọn ní oṣù kìíní ọdún 2019.

Ẹ wo ohun tí òfin 2019 sọ. Ẹni tí ó bá fi ojú àbùkù wo àkàndá, tí ó sì fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, lè san ₦100,000 tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Bí ó bá jẹ́ iléeṣẹ́, ₦1,000,000 ni. Nínú òṣìṣẹ́ 100 tí iléeṣẹ́ ìjọba bá ní, ó yẹ kí ó kéré tán 5 jẹ́ àkàndá. Àkàndá ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Bí èrò bá tò sórí ìlà, òun ni ó ń ṣíwájú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi í ṣagbe. Ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú adití gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí wọn yóò fi gbọ́ra yé. Wọ́n fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún 5 láti ṣàtúnṣe kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Níbo wá ni a dé? Ẹ jẹ́ kí a fi Alímọ̀ṣọ́ wò ó. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 síbẹ̀. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí ó tó bẹ́ẹ̀. Arọ tí ó ń gbé ní Ẹgbẹ́dá, tí ó fẹ́ dé ọjà Ìkọ̀tún, dáńfó ni yóò wọ̀. Dáńfó kì í dúró tán kí kọ́ńdọ́ tó máa pariwo pé kí èrò tètè wọlé, kò sì sí àyè fún kẹ̀kẹ́ arọ nínú rẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, gọ́tà ni yóò kọ́kọ́ pàdé, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n sì fi ṣe afárá rẹ̀. Afọ́jú tí ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà kò rí ẹ̀gbẹ́ títì rìn, torí pé àtẹ ọjà ti gbà á. Kò sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ Ọbàtálá. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é, ọwọ́ ènìyàn náà ni yóò sì tún un ṣe.

Apá kan nínú iṣẹ́ náà kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin méjèèjì. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan bá sọ fún ìyá aláta kan ní Ìgàndò pé àwọn kò lè gba ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ adití, báwo ni ìyá náà yóò ṣe mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn òun? Yóò dúpẹ́, yóò sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ohun tí ènìyàn kò mọ̀ pé tòun ni, kò lè béèrè rẹ̀. Lọ́dọọdún ni a ń kọ́ ìmọ̀ ìtumọ̀ ní ẹ̀ka wa. Ẹ jẹ́ kí a fi òfin 2011 àti ti 2019 ṣe iṣẹ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ wà ní iléeṣẹ́ rédíò, ẹ bá wa kà á sórí afẹ́fẹ́ kí afọ́jú náà lè gbọ́. Kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn àkàndá tí ó wà láàárín wa jókòó, kí a bi wọ́n ní ohun tí àwọn baba wa kò bi wọ́n: kí ni ẹ fẹ́?