Ògiri Tó Lanu: Faidherbe, Ẹnjiníà Ogun Tó Di Gómìnà Sẹ̀nẹ̀gàl

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: ibi tí ògiri bá ti sán ni aláǹgbá ń wò kó tó sá wọlé. Ẹni tí òwe náà mú wá sí mi lọ́kàn ni Louis Faidherbe, ọmọ ìlú Lille ní ilẹ̀ Faransé, tí a bí ní 1818, tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ogun ní Paris àti ní Metz, tí ó sì ṣe gómìnà Sẹ̀nẹ̀gàl lẹ́ẹ̀mejì, láti 1854 dé 1861, àti láti 1863 dé 1865.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìbọn nìkan ni ọkùnrin yìí fi ṣẹ́gun. N kò sọ pé kò yìnbọn, nítorí ó yìn ín, ó sì sun abúlé. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni jagunjagun, ọ̀tọ̀ ni ẹnjiníà ogun. Jagunjagun a fọ́ ìlú, a kó ẹrú, a kó ẹrù, a sì padà sílé kí òjò tó dé. Bí ó bá sì tún fẹ́ ìlú náà lẹ́ẹ̀mìíràn, àfi kó tún un jà. Ẹnjiníà ogun kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wádìí ibi tí ilẹ̀ gbé le, ibi tí odò gbé jìn tó ọkọ̀ ogun, oṣù tí omi ń kún àti oṣù tí ó ń fà, ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí onílẹ̀ ń bá ṣọ̀tá. Nígbà tí ó bá mọ gbogbo èyí tán, yóò mọ odi kan ṣoṣo síbẹ̀, yóò kó ìwọ̀nba ọmọ ogun àti àgbá sí i, yóò sì lọ sinmi, nítorí odi náà kò ní í bá a padà sílé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Podor, létí odò Sẹ̀nẹ̀gàl, ní 1854 wà lára ohun tó sọ ọ́ di gómìnà.

Ẹ wo Médine, lókè odò Sẹ̀nẹ̀gàl. Ní 1855, Faidherbe mọ odi sórí ilẹ̀ Sambala, ọba Khasso, ẹni tí òun àti Umar ọmọ Saidu, àlùfáà ńlá tó ti Mẹ́kà bọ̀, kò jọ mu omi nínú agbè kan náà. Ní oṣù kẹrin 1857, Umar dó ti odi náà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbé àkàbà ọparun ti ògiri, wọ́n ń kú, wọ́n sì tún ń gun ún. Ẹ̀tù ń tán lọ nínú odi, ebi sì ti wọlé. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje, Faidherbe gòkè dé, àwọn tó dó ti odi sì túká. Òun ni ìtàn sábà máa ń gbé oríyìn ọjọ́ náà fún. Ṣùgbọ́n odò tó kún ló gbé ọkọ̀ rẹ̀ débẹ̀. Paul Holle, ọmọ ìlú Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú àti funfun pọ̀ lára rẹ̀, ló ti di odi náà mú fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ènìyàn Sambala sì ń jà nínú ògiri tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ Saint-Louis, ó yẹ kí á tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Afárá irin gígùn tó wà níbẹ̀, tí ó ń jẹ́ orúkọ Faidherbe títí di òní, 1897 ni wọ́n ṣí i, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n ń sọ pé Eiffel ló rọ ọ́ fún odò Danube kí ọkọ̀ òkun tó ṣèèṣì gbé e wá sí Áfíríkà; ìtàn yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Afárá ti ìgbà ayé Faidherbe, èyí tí wọ́n ṣí ní 1865, orí omi ló léfòó sí. Dakar pẹ̀lú, tí àwọn mìíràn ń kà sí i lọ́rùn, Pinet-Laprade, tí òun náà jẹ́ ẹnjiníà ogun, ló ya àwòrán ìlú náà. Odi ni iṣẹ́ tirẹ̀; kódà nígbà tí Faidherbe padà lọ dojú kọ àwọn Jámánì nílé, tí wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Saint-Quentin ní oṣù kìíní 1871, ẹ̀yìn àwọn odi àríwá ilẹ̀ Faransé ni ó kó ọmọ ogun rẹ̀ sá sí.

Òwe wa ti fẹ́ bọ́ sọnù. Ẹ jẹ́ kí á padà sí i. Ní 1855, nígbà tí Faidherbe gba ilẹ̀ Waalo lọ́wọ́ ọbabìnrin Ndate Yalla, wọ́n mú Sidia ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí gómìnà dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọba tí a fi ṣe ìdógò. Wọ́n fi Léon, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ Faidherbe fúnra rẹ̀, kún orúkọ ọmọ náà, wọ́n sì rán an lọ kàwé ní Algiers. Sidia dàgbà tán, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn tó tọ́ ọ, ó gbé ogun dìde sí wọn. Ní 1875, Lat Dior, ọba Kayor, tí òun náà ti bá Faidherbe jagun rí, ni ó mú un lé àwọn Faransé lọ́wọ́. Wọ́n rán an lọ sí Gabon, ibẹ̀ ni ó kú sí. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí ó fi Sidia lé wọn lọ́wọ́, àwọn Faransé kan náà pa Lat Dior.

N kò dá aláǹgbá láre, nítorí ilẹ̀ onílẹ̀ ni ó gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri lanu, tí Lat Dior fi Sidia lé wọn lọ́wọ́, ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí Faidherbe ti kúrò ní Sẹ̀nẹ̀gàl, kò sì sí ẹni tó ní láti yin ìbọn kan kí iṣẹ́ rẹ̀ tó máa bá a lọ.