Ohun tí ojú ń wò nínú ìsopọ̀ ọpọlọ mọ́ kọ̀ǹpútà

Ìsopọ̀ ọpọlọ mọ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀nà tí ẹni tí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ohùn ti kọ̀ fún lè fi sọ tinú rẹ̀. Wọ́n á dé e ní fìlà oníwáyà tínrín, èyí tí yóò máa gba iná tíńtínní tí ọpọlọ ń tú jáde. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Jacques Vidal, ní Los Angeles, ló fún ìsopọ̀ yìí lórúkọ lọ́dún 1973. Nínú irú tó ń lo ojú, àmì tí a bá fi han aláìsàn lójú kọ̀ǹpútà ni ọpọlọ ń fèsì sí; bí a bá ti ya àmì náà ni iṣẹ́ yóò ṣe já geere tó.

Lọ́dún 1988, àwọn olùwádìí Farwell àti Donchin gbé pátákó lẹ́tà kan jáde: ìlà mẹ́fà lóròó, mẹ́fà ní ìbú, ojú 36. Àwọn ìlà ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan láìtẹ̀lé ara wọn. Bí èyí tí lẹ́tà tí ẹni náà ń wò wà nínú rẹ̀ bá tàn, ọpọlọ rẹ̀ á ta kìjí lẹ́yìn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lẹ́tà tó múlé gbe èyí tí a ń wò máa ń fa ojú. Lọ́dún 2010, Townsend àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú àwọn aládùúgbò náà ká kí wọ́n má baà jọ tàn. Ní Jámánì lọ́dún 2011, Kaufmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ojú gbajúmọ̀ bí Einstein bo lẹ́tà nígbà tó bá tàn, ìdáhùn ọpọlọ sì le sí i gan-an.

Ọ̀nà kejì ni kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa ṣẹ́jú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Tẹjú mọ́ èyí tó ń ṣẹ́jú nígbà 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 12 yóò hàn nínú iná tí fìlà ń gbà ní ìpàkọ́ rẹ. Ojú kọ̀ǹpútà tó ń tún àwòrán yà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá lè ṣe 10, 12 àti 15 láìṣẹ́kù. 13 kò bá a mu. Ọgbọ́n tí wọ́n fi yanjú èyí ní Ṣáínà lọ́dún 2015 wú mi lórí: wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa gòkè, kó máa sọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì to àmì 40 láti ìgbà 8 dé 15.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ó tó lẹ́tà 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n àmì tó ń ṣẹ́jú báyìí ń rẹ ojú, ó sì lè ta wárápá jí lára ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe, pàápàá láàárín ìgbà 15 sí 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá.

Bí a bá gbé irú iṣẹ́ yìí wá sí ilẹ̀ Yorùbá, oòrùn ọ̀sán Òkè-Ògùn a máa pa ojú kọ̀ǹpútà rẹ́, àmì tó bá sì ti ṣá kì í mú ìdáhùn gidi wá. Inú ilé ló yẹ kó wà ní ìlú bí Àgọ́-Àmọ́dù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀: lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Bí a bá fi nọ́ńbà 10 kún un, ojú kan ṣoṣo ló kù nínú 36 ti pátákó Farwell àti Donchin. Níbo ni àmì ohùn yóò wà? Obìnrin tó kọ “ọkọ” láìsí àmì, ọkọ rẹ̀ ló ń béèrè ni, àbí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù? Bí mo bá ní kí wọ́n ya pátákó tiwa, n ó kó nọ́ńbà lọ sí ojú-ewé kejì, kí àmì òkè, àmì ìsàlẹ̀, àlàfo àti ìparẹ́ gba ipò wọn.