Ṣé Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta ni “Ọ̀rọ̀”? Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wo Inú Ògbufọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ìtàn tí mo mú wá lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú àṣìṣe èmi fúnra mi, ó sì pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ ní gbangba.

Ní ọdún 2009, nígbà tí mo ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, mo ní láti mọ iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú àkójọ ìwé Yorùbá kan tí a ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Èdè Python ni mo fi kọ ètò tí yóò bá mi kà á. Ètò náà kò gùn ju ojú ewé kan lọ, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kíá. Mo tẹ tábìlì tí ó mú jáde sórí bébà, mo gbé e lọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń bójú tó iṣẹ́ mi. Bàbá wò ó títí, wọ́n fi bírò sàmì sí ibi mẹ́ta, wọ́n ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀?”

Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni “ọ̀rọ̀” fara hàn nínú tábìlì náà, òǹkà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn. “Ẹ̀kọ́” náà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bákan náà, àti “ẹ̀sìn”, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn bá wà lórí ẹ tàbí ọ inú rẹ̀. Gbogbo òǹkà tí mo fẹ́ gbé orí kẹrin ìwé mi lé ni kò ṣeé gbára lé mọ́.

Mo lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mi tẹ apá kan nínú àwọn ìwé náà, mo sì bá a wí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò fi ọkàn sí iṣẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, bí mo ṣe rí i nínú ìwé ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́.” N kò gbà á gbọ́. Ògbufọ̀ ni ó wá jẹ́rìí gbè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo pè ní ògbufọ̀. Nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, òmíràn wà tí a ó kọ́kọ́ túmọ̀ odindi rẹ̀ sí èdè ẹ̀rọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ó túmọ̀ ìwé tán pátápátá kí ó tó gbé e fún òǹkàwé. Òmíràn sì wà tí ògbufọ̀ ń dúró láàárín àwa àti ẹ̀rọ, bí ògbufọ̀ tí ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníwàásù: bí gbólóhùn kan bá jáde, yóò gbé e, bí òmíràn bá jáde, yóò gbé òun náà. Irú èyí ni Python. (Àwọn onímọ̀ yóò sọ pé Python a máa kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ wa di ẹ̀dà kúkúrú kan fún ìlò ara rẹ̀. Òótọ́ ni, irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ dis tilẹ̀ wà tí yóò fi ẹ̀dà náà hàn wá.) Níwọ̀n ìgbà tí ògbufọ̀ bá wà ní ìdúró níbẹ̀, a lè dá a dúró kí a bi í pé: kí ni o gbọ́? Kí ni o mú dání báyìí?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ju Python lọ. Ní ọdún 1958, ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, John McCarthy bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè kan tí a ń pè ní Lisp. Nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1960, ó fi èdè náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé bí a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, ó sì pe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà ní eval. Lójú McCarthy, àlàyé fún òǹkàwé lásán ni. Steve Russell, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ni ó rí i pé bí òun bá yí eval sí èdè ẹ̀rọ IBM 704, ògbufọ̀ gan-an ni yóò dà. Ó yí i, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gírámà yóò rí i pé nǹkan yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a bá sọ pé “ ‘lọ’ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe”, Yorùbá ni a fi ń sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá. Ohun tí a ń pè ní èdè-ìperí nìyẹn. Lisp ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí i pé ẹ̀rọ náà lè ní èdè-ìperí, àti pé èdè kan náà lè jẹ́ iṣẹ́ àti àlàyé iṣẹ́.

Àwọn mìíràn tẹ̀ lé ipa ọ̀nà náà. Ní Xerox PARC ní California, ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí ó ṣẹ̀dá Smalltalk ṣe fèrèsé kan sójú kọ̀ǹpútà tí a lè gbà wo inú ohunkóhun tí ètò mú dání nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ní ọdún 1982, ní MIT kan náà, Brian Cantwell Smith gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ètò tí ó lè wo ara rẹ̀, kí ó sì yí ìṣe ara rẹ̀ padà.

Ní àsìkò ọdún Kérésìmesì 1989, ní ilé ìwádìí CWI ní ìlú Amsterdam, Guido van Rossum bẹ̀rẹ̀ sí kọ Python. Ó ti kópa ṣáájú nínú iṣẹ́ ABC, èdè tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọ̀jáfáfá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ̀dà tí aráyé kọ́kọ́ rí jáde ní oṣù kejì ọdún 1991. Kì í ṣe ejò ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ o. Eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Monty Python’s Flying Circus. Bí a bá béèrè type, Python yóò sọ irú ẹ̀yà tí nǹkan jẹ́. Bí a bá béèrè dir, yóò ka orúkọ gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn. Id yóò fún wa ní nọ́ńbà tí a fi dá a mọ̀ yàtọ̀. Ní ọdún 2001, nígbà tí ẹ̀dà 2.1 jáde, wọ́n fi irinṣẹ́ kan kún un tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ inspect. Èyí lè tú ètò tí ń lọ lọ́wọ́ wò, kí ó sọ iṣẹ́ tí ó pe iṣẹ́, àti ẹni tí ó pe ẹni tí ó pè é, títí dé ìpìlẹ̀.

Irinṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo lò ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo kàn mú “ọ̀rọ̀” mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú tábìlì, mo fi wọ́n síwájú ògbufọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí ó sọ ohun tí ó mú dání fún mi. Èsì rẹ̀ nìyí:

u'\u1ecd\u0300r\u1ecd\u0300'
u'\xf2\u0323r\xf2\u0323'
u'o\u0323\u0300ro\u0323\u0300'

Nínú ti àkọ́kọ́, odindi ọ ni ó wà, àmì ohùn ìsàlẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ò tí ó ti ní àmì ohùn tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n wá fi àmì abẹ́ sí i. Nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, o lásán ni, àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, àmì ohùn sì tẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ gùn ní márùn-ún márùn-ún, ìkẹta gùn ní méje. Bọ́tìnnì tí ọmọ náà ń tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo ń tẹ̀ lórí tèmi, apá kẹta sì wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tí ó ṣi ọ̀rọ̀ kọ nínú wa.

Ìpàdé tí ó wáyé ní Èkó ní ọdún 1875, lábẹ́ alága Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ó fi ìdí àkọtọ́ tí a jogún múlẹ̀, pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ. Kálàmù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí ẹni tí ó ní láti pinnu èwo ni yóò ṣáájú nínú àmì abẹ́ àti àmì òkè. Unicode fi ọ sínú àkójọ rẹ̀ ní odindi, ó fi ó àti ò náà sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọ́ tàbí ọ̀ kan ní odindi. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mẹ́ta ni ó sì bọ́ sọ́wọ́ mi.

Bí ẹ bá bi mí, èyí àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́, kì í sì í ṣe nítorí kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà tí John Goldsmith ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní MIT ní ọdún 1976 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé ó yẹ kí a gbé ohùn ka orí ìpele tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì. “Ọ̀rọ̀” ní ìró mẹ́ta àti ohùn méjì. Márùn-ún náà ni ògbufọ̀ kà. Ẹ̀dà kejì gùn ní márùn-ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó so ohùn mọ́ o, ó wá sọ ìyàtọ̀ àárín o àti ọ di àfikún. Irú gírámà bẹ́ẹ̀ kò tọ̀nà.

Láti ọdún 2003, nígbà tí Python 2.3 jáde, ni iṣẹ́ kan ti wà tí ń jẹ́ normalize, tí yóò sọ gbogbo ẹ̀dà wọ̀nyí di ọ̀kan. Mo fi ìlà kan ṣoṣo kún ètò mi, mo tún kà á, “ọ̀rọ̀” sì parapọ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọmọ náà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà, mo ní kí ó má bínú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kò tó nǹkan. Ó tó nǹkan.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Oṣù kejìlá ọdún 2008 ni Python 3.0 jáde, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń lo ti àtijọ́. Nínú ẹ̀dà tuntun náà, wọ́n pinnu pé nígbà tí a bá béèrè ohun tí ògbufọ̀ mú dání, kí ó máa fi lẹ́tà hàn wá bí ojú ṣe ń rí i, dípò àwọn nọ́ńbà bíi \u1ecd. Àánú àwa tí kì í kọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó mú wọn ṣe é, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun ni mo lò ní alẹ́ ọjọ́ náà ni, “ọ̀rọ̀” mẹ́ta tí ó jọra ni ògbufọ̀ ì bá tún tò síwájú mi, ọmọ ọlọ́mọ ì bá sì wà nínú ẹ̀sùn di ìgbà tí n kò mọ̀. Lónìí, tí Python 2 ti kógbá sílé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ascii ni ẹ ó lò bí ẹ bá fẹ́ rí nọ́ńbà wọ̀nyẹn.

Bíbéèrè pàápàá kì í ṣàìfọwọ́ kan ohun tí a ń béèrè. Python a máa ka iye ibi tí a ti ń tọ́ka sí nǹkan kọ̀ọ̀kan; bí a bá fi getrefcount bi í, òǹkà tí yóò fún wa sábà máa ń fi ọ̀kan lé sí i, nítorí ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ti di mú un. William Labov kọ ọ́ ní ọdún 1972 pé bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí a kò ṣọ́ wọn ni a fẹ́ mọ̀, ṣùgbọ́n à ní láti ṣọ́ wọn kí a tó mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú abẹ́nà ìmọ̀ rí, tí màmá náà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí sọ Yorùbá inú Bíbélì, yóò mọ ohun tí Labov ń sọ.

Mo gbé tábìlì tuntun lọ fún Bàbá. Wọ́n wá “ọ̀rọ̀” lọ, wọ́n bá ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dé ilé ni mo rí òmíràn ní ojú ewé kejì, òǹkà rẹ̀ kò pọ̀. Ògbufọ̀ ní kì í ṣe àmì kíún ni ó wà lábẹ́ o rẹ̀, ìlà kékeré tí ó dúró gangan ni, irú èyí tí ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí a tẹ̀ láyé àtijọ́: nọ́ńbà rẹ̀ ni \u0329, kì í ṣe \u0323. Àmì ọ̀tọ̀ ni lójú Unicode, normalize kò sì ní fọwọ́ kàn án láé. Ìlà kejì ni mo fi kún ètò náà ní òru ọjọ́ yẹn, èyí tí ń wá \u0329 kiri tí ó sì ń fi \u0323 rọ́pò rẹ̀ kí normalize tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì wà nínú gbogbo ètò tí mo ń kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.