Sìmẹ́ńtì Kọ́ Ló Wà Nídìí Eyín

Ará Ìkọ̀tún tí eyín rẹ̀ ń mì kò nílò ògbufọ̀ kó tó sọ ohun tó ń ṣe é. Yorùbá ní gbòǹgbò eyín, ẹran ìdí eyín àti kòkòrò eyín. Ìgbà tí dókítà bá fẹ́ ṣàlàyé ohun tó di eyín mú sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu, tí Gẹ̀ẹ́sì á wá gbapò.

Bẹ́ẹ̀, àlàyé náà kò le tó orúkọ rẹ̀. Nǹkan líle tín-ín-rín kan ló bo gbòǹgbò eyín, òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cementum. Fọ́nrán ló so ó mọ́ egungun. Sẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe cementum náà: wọn a kọ́kọ́ ta fọ́nrán kọlájìn sílẹ̀, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì a wá dì sáàárín rẹ̀ títí yóò fi le, bí àwọn tó ń da dẹ́kì l'Ẹ́gbẹ́dá ṣe ń to irin kí wọ́n tó da kọnkéré.

Èyí lè mú ká sáré pè é ní sìmẹ́ńtì eyín. N kò fara mọ́ ọn. Dókítà eyín ní sìmẹ́ńtì tirẹ̀ tó fi ń dí ihò eyín. Aláìsàn á rò pé ìyẹn là ń sọ. Sìmẹ́ńtì tó bá ti gbẹ, ó parí, ṣùgbọ́n cementum ń nípọn sí i títí dọjọ́ ogbó. Èèpo gbòǹgbò ló yẹ ẹ́. Fọ́nrán náà ńkọ́? Ẹ má pè é ní iṣan, ẹrù ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù. Fọ́nrán ìdè eyín ti tó.

Ní ti sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ, bí a ṣe ní akọ́lé, amọ̀kòkò àti aránṣọ. Èyí tó ń ṣe èèpo gbòǹgbò á jẹ́ aṣèèpo, èyí tó ń kọ́ eegun á jẹ́ akọ́-eegun, èyí tó ń jẹ ẹ́ á jẹ́ ajẹ-eegun. Bí wọ́n bá fi wáyà to eyín, ajẹ-eegun ló ń la ọ̀nà níwájú, akọ́-eegun a sì dí ẹ̀yìn. Àmì ohùn ṣe pàtàkì o: láìsí i, eegun á di eégún.

Fífi Yorùbá ṣàlàyé ìmọ̀ kì í ṣe àdáwọ́lé tuntun. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ní 1990, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ìṣègùn eyín náà tọ́ sí irú rẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ ìṣègùn eyín n'Ídìí-Àràbà àti Ìbàdàn jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ Yorùbá, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ dán wò lẹ́nu aláìsàn. Èyí tí ìyá kan n'Ígándò kò bá lè tún sọ fún ọmọ rẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ ká jù ú nù.