Oró Bọ́túlísíìmù Nínú Ẹja Ọ̀sìn: Èsì sí Àwọn Tó Pè É ní Àrùn Ilẹ̀ Olótùútù

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa tí a ń ṣe ìwádìí ẹja ọ̀sìn, pé àrùn ilẹ̀ olótùútù ni bọ́túlísíìmù, àti pé ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ létí adágún ẹja àrọ̀ ní Ìkòsí tàbí Àgbóyì kàn ń dẹ́rù ba ọlọ́sìn ni. Akẹgbẹ́ mi kan tó di èrò yìí mú ṣinṣin ni mo ń dá lóhùn, nítorí àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Ohun tí Clostridium botulinum, kòkòrò tó ń fa bọ́túlísíìmù, jẹ́, àti oríṣi oró rẹ̀ láti A dé G, òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n. Oríṣi E ló sábà máa ń kan ẹja.

Lóòótọ́, láti Dẹ́nímáàkì ni ìròyìn ẹja ọ̀sìn tí oró yìí pa ti jáde ní 1974, tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e ní 1982. Ṣùgbọ́n pé kòkòrò náà lè fara da òtútù tó ìwọ̀n 3°C kò sọ pé òtútù ló wù ú: láàárín 25 sí 30 ló ti ń gbèrú jù, omi adágún Kétu kò sì jìnnà síyẹn. Ní Mississippi, níbi tí oòrùn ti ń mú, wọ́n rí oríṣi E nínú ikú ẹja ọ̀sìn tó jẹ́ ìbátan àrọ̀ wa. Ìgbà tí omi tutù díẹ̀ ni wọ́n ń kú jù níbẹ̀. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ akẹgbẹ́ mi nìyẹn, mo sì gbà á.

Ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó da kòkòrò pọ̀ mọ́ oró. Hóró kòkòrò yìí lè sùn nínú ẹrẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹja máa gbé e mì pẹ̀lú oúnjẹ, kí ohunkóhun má ṣe é. Ìgbà tí òkú ẹran bá ń jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé ni hóró ń hù, tí ó sì ń tú oró sílẹ̀; ẹja tó bá jẹ òkú náà ni oró ń dí ọ̀nà tí iṣan fi ń gba àṣẹ lára rẹ̀. Ẹ wò ó létí adágún: orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, lẹbẹ́ kò lè gbá omi mọ́, títí yóò fi kú, tí òun náà yóò sì di oúnjẹ olóró fún àwọn yòókù. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Nítorí náà ẹni tó bá hóró nínú ẹrẹ̀ kò tíì bá oró, ẹni tí kò sì bá oró lónìí kò tíì dá adágún náà láre. Òkú ọmọ adìẹ àti ìfun adìẹ tí àwọn ọlọ́sìn kan ń dà sómi, tí àjẹkù rẹ̀ ń rì sísàlẹ̀, ni kí a kọ́kọ́ wò. Àwọn tó sọ pé àìtó èémí inú omi ló ń pa ẹja, kí wọ́n rántí pé àrọ̀ abirùngbọ̀n ń yọrí gba afẹ́fẹ́ òkè, èyí tí ẹja tí kò lè wẹ̀ mọ́ kò ní lè ṣe.

Èmi kò sọ pé bọ́túlísíìmù ló pa ẹja ẹnikẹ́ni ní Kòsọ́fẹ́. Àyẹ̀wò ẹja tó ń kú lọ lọ́wọ́ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá rántí oṣù Ọ̀wàrà 2010, nígbà tí omi ìdídò Ọyán gba Odò Ògùn, ilé Yemọja, wọ Ajégúnlẹ̀, tí ẹrẹ̀ àti òkú ẹran sì dàpọ̀, kò ní fi ọkàn balẹ̀ sọ pé àrùn náà kò lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sínú omi. Ooru ìwọ̀n 85°C fún ìṣẹ́jú 5 ń ba oró náà jẹ́, ṣùgbọ́n hóró àwọn oríṣi kan ń la omi híhó kọjá, èéfín ààrò kò sì tó o. Ẹja yíyan tó gbẹ gan-an kò ní omi tí hóró lè fi hù. Èyí tí inú rẹ̀ ṣì rọ̀, tí wọ́n dì pinpin sínú ọ̀rá ní Mile 12, ni mo fẹ́ wọ̀n omi inú rẹ̀, kí n tó sọ fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja iye ọjọ́ tí ó lè wà nínú ọ̀rá.