Ṣé Ìhámọ́ra Irin Yẹ Ìjòyè Ọ̀yọ́ Nínú Géèmù?

Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tó dá lórí ogun àtijọ́, bí ipò ènìyàn bá ṣe ga tó ni irin ara rẹ̀ ń pọ̀ tó. Yúróòpù ni àṣà yìí ti wá. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìhámọ́ra tí àwọn alágbẹ̀dẹ Milan ń rọ tó kílógíráàmù 20 sí 25, olówó tó ń gun ẹṣin lọ sójú ogun fúnra rẹ̀ ló sì lè rà á. Àpilẹ̀kọ yìí ń bi àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe géèmù ní Yábà àti Sùúrùlérè pé: bí wọ́n bá fẹ́ fi Ọ̀yọ́ Ilé ṣe géèmù, ṣé kí wọ́n gbé irú irin bẹ́ẹ̀ wọ ìjòyè? Èrò tiwa ni pé kò yẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì ju ti ooru lọ.

Àwọn ará òkè ọya mọ ìhámọ́ra dáadáa. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò sọ pé Kanajeji, tó jọba ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ló kọ́kọ́ mú lifidi, fìlà irin àti ẹ̀wù onírin wọ ogun. Lifidi ni aṣọ onípele tí wọ́n ń ki òwú sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń dà bo ẹṣin kí ọfà má baà ráyè wọlé. Dixon Denham rí irú rẹ̀ ní Bọ̀rnò láàárín 1823 sí 1824, àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé tó jáde ní 1826. Nígbà tí Age of Empires III fi Haúsá kún àwọn ìlú rẹ̀ ní 2021, ó fi ẹlẹ́ṣin lifidi sí i. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn gbé e wá sí Ọ̀yọ́ ti kánjú. Òkè ọya ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, eṣinṣin tsetse sì ń pa á bó bá ti sún mọ́ igbó. Kí ènìyàn ní ẹṣin lásán ti tó ọlá.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé wọ́n ń fi abẹ 201 sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i lórí, pé fìlà ìkóóde ló ń dé, awọ ẹkùn ló ń sán ní bàǹtẹ́, awọ ẹkùn náà ló sì ń jókòó lé. Bó bá ń lọ sógun, ọ̀pá ọba nìkan ló ń mú dání. Ẹ gbọ́ ná: olórí àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn akọni 70 tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, kò mú idà! Ohun tó ń dáàbò bò ó wà lábẹ́ awọ orí rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó yí i ká.

Bìnì náà jẹ́rìí sí i. Àwọn àwòrán idẹ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún fi Potogí hàn pẹ̀lú fìlà irin àti ìbọn. Àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ààfin ti fojú rí aṣọ àwọn àlejò yìí, síbẹ̀ awọ ẹkùn, ìlẹ̀kẹ̀ eyín ẹkùn àti agogo àyà ni wọ́n fi ṣe àwọn balógun tiwọn lọ́ṣọ̀ọ́.

Láti 2012 tí Maliyo Games ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ìgbé ayé ìgboro ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, ààyè ààfin ṣì ṣófo. Àwọn aránṣọ fíìmù Yorùbá tó ń to àdó àti tírà sí àyà gbérí sún mọ́ òótọ́ ju ọ̀pọ̀ ayàwòrán géèmù lọ, bí wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣe àṣejù. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ṣírò agbára nínú géèmù ṣe ni kó yí òfin padà: kí irin máa dín kù bí oyè ṣe ń ga, kí ẹ̀ṣọ́ máa pọ̀ sí i. Johnson tún sọ pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni Kakaǹfò gbọ́dọ̀ jáde ogun, kó sì padà wálé láàárín oṣù mẹ́ta, ní aṣẹ́gun tàbí ní òkú. Aago géèmù lè máa ka oṣù mẹ́ta yẹn.